Ìsàlẹ̀ Ọkàn àti Ikú Ilé: Àyẹ̀wò Ìmọ̀ Ìtúpalẹ̀-Ọkàn nínú Ìtàn Mẹ́ta láti Oǹdó àti Àkúrẹ́

Ó ti pẹ́ tí àwọn aṣelámèyítọ́ ti ń yá ìmọ̀ ìtúpalẹ̀-ọkàn lò láti fi wo lítíréṣọ̀. Sigmund Freud (1856-1939), oníṣègùn ará Vienna, ni ó dá ìmọ̀ náà sílẹ̀. Ohun tí ó fi kọ́ni kò ṣòro láti sọ ní ṣókí. Ó ní ohun tí ènìyàn mọ̀ nípa ọkàn ara rẹ̀ kò tó ohun tí kò mọ̀. Ìfẹ́-ọkàn tí ojú bá ń ti ènìyàn láti gbà pé tòun ni, a máa tẹ̀ ẹ́ rì, bí ọmọdé ti í tẹ igbá òfìfo rì sínú odò. Ṣùgbọ́n igbá òfìfo kì í gbé ìsàlẹ̀ omi. Bí ọwọ́ bá ti kúrò lórí rẹ̀, yóò léfòó. Ohun tí ènìyàn tẹ̀ rì ń léfòó lójú àlá, nínú àṣìsọ, àti nínú àìsàn tí àwọn dókítà kò rí ìdí rẹ̀ nínú ara. Inú ìwé rẹ̀ lórí àlá ni ó ti kọ́kọ́ to èrò yìí jọ, èyí tí ó jáde ní 1899 bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé 1900 ni wọ́n tẹ̀ sí i lára. Nígbà tí ó di 1923, ó pín ìwà ẹ̀dá sí ọ̀nà mẹ́ta: ìfẹ́-ara tí kò mọ èèwọ̀, "èmi" tí ń bá ayé lò, àti adájọ́ inú tí ó jogún ohùn òbí tí ń báni wí. Èyí tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni ti Oedipus, ọba inú eré àwọn ará Gíríìsì, tí ó pa bàbá rẹ̀ tí ó sì fi ìyá rẹ̀ ṣaya láìmọ̀. Freud ní kò sí ọmọkùnrin tí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gba ọkàn rẹ̀ kọjá rí ní kékeré.

Ohun tí bébà yìí ń ṣe ni láti gbé ẹ̀kọ́ náà wá síwájú ìtàn mẹ́ta tí wọ́n jẹ mọ́ Oǹdó àti Àkúrẹ́. Èkíní ni ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ Oǹdó dó. Èkejì ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà ọmọ Òkè-Igbó kọ, tí ó jáde ní 1938. Ẹ̀kẹta ni The Fishermen, ìtàn-àròsọ tí Chigozie Obioma, ẹni tí wọ́n bí ní Àkúrẹ́ ní 1986, fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, tí ó jáde ní 2015. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe irú kan náà: ọ̀kan jẹ́ ìtàn ẹnu, ọ̀kan jẹ́ ìwé Yorùbá, ọ̀kan jẹ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ Ìgbò kọ nípa ìlú Yorùbá tí ó ti dàgbà. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni pé inú ilé ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ó jọ pé Freud ì bá tètè fọwọ́ sí òwe yìí. Ibi tí yóò ti bá àwọn tí ń pa á jiyàn ni ibi tí ilé náà wà: àwọn tí ń pa á ń sọ̀rọ̀ ìyàwó, ọmọ, ọbàkan àti ará ilé, Freud ń sọ̀rọ̀ inú ènìyàn kan ṣoṣo.

Àwọn tí ó ti kọ́kọ́ débẹ̀

Àríyànjiyàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1927, Malinowski fi ohun tí ó rí ní àwọn erékùṣù Trobriand, níbi tí arákùnrin ìyá ti ń bá ọmọ wí dípò bàbá, ta ko Freud. Ní 1952, Frantz Fanon, tí òun náà jẹ́ dókítà àrùn ọpọlọ, kọ ọ́ pé kò sí ọ̀rọ̀ Oedipus láàrin àwọn ènìyàn dúdú erékùṣù Antilles. Amúnisìn ni ó kó ìdààmú bá ọkàn wọn, kì í ṣe bàbá. Ọ̀rọ̀ náà le, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti le jù. Èyí tí ó sún mọ́ ilé jù ni ti Meyer Fortes àti ti Robin Horton. Nínú ìwé kékeré kan tí ó jáde ní 1959, Fortes fi Oedipus àti Jóòbù ṣe àfiwé fún ìgbàgbọ́ àwọn Tallensi ti àríwá Gánà nípa àyànmọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Horton, tí ó wá ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ kan tí ó fi àyànmọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti mọ̀ ọ́n, wé ìsàlẹ̀ ọkàn tí Freud ń sọ. Nínú méjèèjì, ó rí i pé apá kan wà nínú ènìyàn tí ó ti yan ohun kan, tí ẹnu ènìyàn náà sì ń sọ òmíràn.

Ó rọrùn láti gbé àbá Horton wọ inú ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa orí. Ẹsẹ Ifá tí Wándé Abímbọ́lá gbé jáde sọ bí Oríṣẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Oríléèmèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ṣe lọ yan orí nílé Àjàlá. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú orí tí ó dára lójú, tí kò sì le. Òjò pa wọ́n lójú ọ̀nà ayé, orí wọn sì ṣá. Nígbà tí wọ́n dé ayé, iṣẹ́ wọn kò lójú, wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀. Àìmọ̀ yìí ni ó mú kí àwọn kan sọ pé orí inú ni ìsàlẹ̀ ọkàn. Ṣùgbọ́n orí kì í ṣe ohun tí ènìyàn tẹ̀ rì. Ó pamọ́ nítorí pé ẹni tí ó yàn án ti gbàgbé, kì í ṣe nítorí pé ojú ń tì í. Ènìyàn ń bọ orí rẹ̀, ó ń fi obì bá a sọ̀rọ̀, ó ń kí i ní gbangba lójú ẹbí àti ará. Ìsàlẹ̀ ọkàn tí Freud ń sọ kò gba obì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó bá sọ wọ́n di ọ̀kan ti rí ìjọra tí ó wà nínú àìmọ̀, ó sì ti fo ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ojútì dá. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ibi tí ìtàn bá ti dárúkọ àyànmọ́ ni ó yẹ kí aṣelámèyítọ́ ti wá Freud lọ. Ibi tí ìtàn bá ti tijú ni.

Èèmọ̀ Oǹdó

Ìtàn ìbẹ̀rẹ̀ Oǹdó gba orí ìbejì. Ìyàwó ọba kan bí ìbejì. Àwọn kan ní ààfin Ilé-Ifẹ̀ ni, àwọn mìíràn ní Ọ̀yọ́ ni. Èèmọ̀ ni ìbejì ní ayé ìgbà náà, wọn kì í sì í dá irú wọn sí. Ọba kò ní ọkàn àtipa wọ́n. Ó ní kí wọ́n kó tìyá-tọmọ jáde ní ìlú, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ sì sìn wọ́n. Lẹ́yìn ìrìn-àjò gígùn ni wọ́n dé ibi tí Oǹdó wà lónìí. Púpùpú, tí àwọn kan kà mọ́ ìbejì náà, tí àwọn mìíràn sì ní òun ni ìyá wọn, ni ó kọ́kọ́ jọba níbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni Àìrò ọmọ rẹ̀ gorí ìtẹ́. Ìtàn kan tilẹ̀ sọ pé igbe ìyanu tí ọba ké nígbà tí ó rí àwọn ọmọ náà ni ó di oyè Òṣemàwé.

Kò sí ọmọlẹ́yìn Freud tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní fò sókè. Ohun tí wọ́n lé jáde nínú ilé pẹ̀lú ìtìjú ni ó di adé. Ìlú ń fi igbe ìkórìíra àtijọ́ kí ọba rẹ̀ lójoojúmọ́. Igbá ti léfòó, ó sì ti di igbá oyè. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a fara balẹ̀. Freud fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe yìí, nígbà tí ó fi àṣà odidi àwùjọ ṣe àlá ẹnì kan nínú ìwé rẹ̀ lórí èèwọ̀ ní 1913. Ìlú kì í sùn kí ó lálàá. Ìtàn ìtẹ̀dó ní àwọn tí ń sọ ọ́, ó sì ní ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe fún wọn. Ní Oǹdó, ohun kan tí ìtàn Púpùpú ń ṣe ni pé ó ń sọ ìdí tí ó fi jẹ́ pé obìnrin, Ọlọ́bùn, ni ó ń fi Òṣemàwé jọba. Obìnrin ni ó kọ́kọ́ ni ìtẹ́. Nígbà tí ó bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin, àwọn obìnrin di agbára ìfijọba mú. Èyí kì í ṣe ìtẹ̀rì. Àdéhùn ni, wọ́n sì ń ṣe é ní gbangba.

Yàtọ̀ sí èyí, ìtàn náà kò pamọ́. Àgbà Oǹdó kì í sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ bí ẹni ń jẹ́wọ́; ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka oríkì. Ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá náà ti kọ́ láti yí ìbẹ̀rù ìbejì padà di ọ̀wọ̀, títí ère ìbejì fi di ohun tí àwọn ìyá ń wẹ̀, tí wọ́n sì ń fún lóúnjẹ. Ohun tí Oǹdó ṣe sí èèmọ̀ rẹ̀ ni pé ó fi í ṣe oyè. Ẹ̀kọ́ Freud ràn wá lọ́wọ́ láti rí i pé ìgbésẹ̀ ńlá ni, kò sì ràn wá lọ́wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdẹ àti ọmọ àjẹ́

Òkè-Igbó kò jìnnà sí Oǹdó. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Fágúnwà sí ní 1903. Ní 2013, nígbà tí ó pé àádọ́ta ọdún tí ó kú, Àkúrẹ́ ni àwọn onímọ̀ péjọ sí láti jíròrò lórí iṣẹ́ rẹ̀, tí Wọlé Ṣóyínká, ẹni tí ó túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, sì bá wọn sọ̀rọ̀.

Ohun tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń fi ìmọ̀ ìtúpalẹ̀-ọkàn ka Fágúnwà ni pé igbó ni ìsàlẹ̀ ọkàn, àwọn irúnmalẹ̀ sì ni ohun tí ènìyàn tẹ̀ rì. Àwọn tí ń tẹ̀lé Jung (1875-1961) ni ó fẹ́ràn èyí jù, nítorí pé lójú tiwọn, gbogbo akọni tí ó bá wọ igbó ń lọ bá òjìji ara rẹ̀ jà ni. Kíkà yìí rọrùn jù. Àwọn ẹ̀dá inú igbó Fágúnwà ní orúkọ, wọ́n ní ìlú, wọ́n ní òfin, wọ́n sì ń jiyàn dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́ ilé-ìwé ìjọ, iṣẹ́ tí Fágúnwà fúnra rẹ̀ ṣe. Bí ohùn kan bá wà nínú ìwé náà tí ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ Freud pè, adájọ́ inú ni, ẹni tí kò lè rí ìpàdé kan kí ó má wàásù níbẹ̀.

Ibi tí ìwé náà ti tijú kì í ṣe inú igbó. Ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, kí Àkàrà-oògùn tó wọ igbó rárá. Ìyá rẹ̀ jẹ́ àjẹ́, ó sì ti run púpọ̀ nínú ìdílé ọkọ rẹ̀. Lóru ọjọ́ kan, bàbá rẹ̀ ọdẹ yìnbọn fún ìgalà tí ó ń jẹ ilá lóko. Nígbà tí ó tọ ẹ̀jẹ̀ lọ, ìyàwó rẹ̀ ni ó bá, ara ẹranko, orí ènìyàn. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí bàbá pẹ̀lú kú. Bàbá pa ìyá, ọmọ sì wà láàyè láti ròyìn rẹ̀. Fágúnwà, tí kì í sábà ṣaláìní ọ̀rọ̀, yára kọjá lórí bí ọ̀ràn náà ti rí lọ́kàn ọmọ. Ọmọ kò sunkún fún ìyá tó bí ó ti yẹ, kò sì bi bàbá léèrè ohun kankan. Ó di ọdẹ bíi bàbá, ó sì ń lo oògùn àti ọfọ̀, agbára tí kò jìnnà sí ti ìyá. Ní ti Freud, ọmọ a máa fi ìyá sílẹ̀ kí ó tó lè dà bíi bàbá. Àkàrà-oògùn kò fi ẹnìkan sílẹ̀. Ó gbé òkú méjèèjì lọ sínú igbó, nínú orúkọ ara rẹ̀.

Ohun kejì tí ó yẹ ká fiyè sí ni bí ìtàn náà ṣe di kíkọ. Arúgbó kan wá bá akọ̀wé, ó ní kí ó mú kálàmù, kí ó kọ ohun tí òun yóò sọ. Ó jọ ti Vienna gan-an: ẹnì kan ń sọ, ẹnì kejì ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ìròyìn ti tàn, èrò sì ti péjọ. Ohun tí Freud fi pamọ́ sínú yàrá tí ó tilẹ̀kùn di ohun tí gbogbo àdúgbò jókòó tì. Ìwòsàn bí ó bá wà nínú sísọ, lójú Fágúnwà, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ Abulu

Ìwé Obioma ni ó yẹ kí àyẹ̀wò yìí pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí pé òun ni ó gbé ọ̀rọ̀ inú àti òde kalẹ̀ bí ẹni gbé ẹjọ́ kalẹ̀. Ìdílé Ìgbò kan ń gbé Àkúrẹ́ ní àwọn ọdún 1990. Bàbá jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì àpapọ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí Yola. Nígbà tí kò sí nílé, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin, Ikenna, Boja, Obembe àti Ben, ń lọ pẹja ní odò Àlà tí wọ́n ti kìlọ̀ pé kí ọmọdé má dé. Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti pàdé Abulu, wèrè tí ń sọ àsọtẹ́lẹ̀. Abulu pe Ikenna lórúkọ, ó sì sọ irú ikú tí yóò kú. Láti ọjọ́ náà ni Ikenna ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ọ̀tá wo àwọn àbúrò rẹ̀. Ó ba kàlẹ́ńdà tí àwòrán wọn pẹ̀lú M. K. O. Abíọ́lá wà lára rẹ̀ jẹ́, ìrántí ọjọ́ tí wọ́n pàdé rẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1993. Ìjà ń le sí i títí Boja fi pa á, tí Boja náà sì kú sínú kànga ilé wọn.

Ẹni tí ó bá ń wá Oedipus yóò kọ́kọ́ já kulẹ̀. Kò sí ẹni tí ó gbé ọwọ́ sókè sí bàbá. Ṣùgbọ́n ní 1966, Marie-Cécile àti Edmond Ortigues, tí wọ́n ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọdé ní ilé-ìwòsàn Fann ní Dakar, gbé ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Ohun tí wọ́n rí ni pé bàbá ń bá àwọn baba ńlá rìn nínú ọkàn ọmọ, kò sì ṣeé bá du ipò. Nítorí náà ìdíje tí ó yẹ kí ó kọjú sí bàbá ń ṣẹ́rí sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Bí ẹni pé wọ́n ti ka ìwé Obioma ṣáájú ni. Bàbá wà ní Yola, ipò rẹ̀ ṣófo, Ikenna àkọ́bí gùn ún láìtọrọ, Boja tí ó tẹ̀ lé e sì wà níbẹ̀. Abulu kò dá ìjà náà sílẹ̀. Ó rí ilé tí ikú ti wà.

Obioma sì fi ohun kan kún un tí kò ṣeé fojú fò. Abulu yìí, kí ó tó di ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀, ni ó pa arákùnrin tirẹ̀, tí ó sì fi ipá bá ìyá rẹ̀ lòpọ̀. Ohun tí Freud ní gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ rì, Abulu ti ṣe é lójú ayé. Kò sí ohun kankan ní ìsàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ ti léfòó. Ó dà bíi pé ìdí nìyí tí ó fi lè rí ti àwọn ẹlòmíràn, tí ó sì ń kéde àṣírí wọn ní ìgboro. Àwọn òǹkàwé kan lè sọ pé Abulu ni ìsàlẹ̀ ọkàn Àkúrẹ́, tí ń rìn ní ìhòòhò láàrin ọjà. Gbólóhùn náà dára, ó sì ń ṣèṣe: ó sọ ènìyàn tí ebi ń pa, tí ó ń sùn nínú ọkọ̀ tí ó ti bàjẹ́, di àfiwé lásán. Ìwé náà kò gbàgbé pé ènìyàn ni.

Èyí tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbójú fò ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà odò. Nígbà tí Abulu dé ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbóná jù, ọkọ̀ òfurufú kan fò kọjá lókè, ariwo rẹ̀ sì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ikenna kò gbọ́. Ó bi àwọn àbúrò rẹ̀ léèrè. Obembe ni ó sọ pé òun gbọ́: ó ní apẹja ni yóò pa á. Ọ̀rọ̀ tí ó pa Ikenna kò ti ẹnu Abulu bọ́ sí i létí. Ẹnu àbúrò ni ó ti gbọ́ ọ, a kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ bóyá bí wèrè ti sọ ọ́ nìyẹn. Ẹyin lohùn, ẹni tí ó jẹ́ kí ó bọ́ sì wà láàrin wọn.

Ibí yìí ni ìmọ̀ ìtúpalẹ̀-ọkàn ti yẹ owó rẹ̀, nítorí pé ojútì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ. Lẹ́yìn ikú àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì, Obembe ni kò lè sinmi. Òun ni ó ń pète ọ̀nà tí wọn yóò fi pa Abulu, òun ni ó ń ya àwòrán ète náà, òun ni ó ń fa Ben lọ́wọ́, títí wọ́n fi fi ìwọ̀ ẹja pa wèrè náà létí odò. Ìtàn náà pe èyí ní ẹ̀san àti ìfẹ́ ẹ̀gbọ́n, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní ìdí jù láti fẹ́ kí gbogbo ẹ̀bi wà lọ́rùn Abulu bí kò ṣe ẹni tí ó jẹ́ iṣẹ́ náà? Bí Abulu bá jẹ́ apànìyàn, a jẹ́ pé Obembe kàn gbọ́ ọ ni. Bí Abulu kò bá sì sí láyé mọ́, kò sí ẹni tí yóò lè sọ pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé náà kò dúró lórí èyí. Ben, tí ó ń ròyìn, nífẹ̀ẹ́ Obembe ju ẹnikẹ́ni lọ, kò sì so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ fún òǹkàwé.

Àwọn tí ń pe The Fishermen ní ìtàn àyànmọ́ ń dá Obembe láre láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Àwọn tí ń pè é ní ìtàn Abulu lásán ń ṣe ohun tí Obembe fẹ́. Òwe ikú ilé ti kìlọ̀ fún àwọn méjèèjì, àmọ́ òwe kò sọ ìdí tí ilé fi máa ń ké "tòde! tòde!" nígbà tí ó bá mọ̀ pé tilé ni. Ìyẹn ni Freud lè bá òwe náà sọ.

Ìyá wọn ni ó kọ́kọ́ sanwó rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó sin ọmọ méjì, ó ń rí aláǹtakùn níbi tí kò sí, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Nígbà tí ó padà dé, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ti ń múra àtipa ènìyàn, kò sì mọ̀. Nígbà tí wọ́n pa Abulu tán, Obembe sá kúrò nílé. Ben ni ó dúró, tí wọ́n sì mú lọ síwájú adájọ́. Àwọn èrò tí wọ́n jókòó tì Àkàrà-oògùn wá fúnra wọn láti gbọ́ ìtàn. Ní ti Ben, ilé ẹjọ́ ni wọ́n ti ní kí ó sọ tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ pẹ̀lú Obembe tí kò sí níbẹ̀.